Ohùn Tó Ń Fọ́ Lówùúrọ̀

Ohùn obìnrin náà dà bí ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò. Ó yọ díẹ̀, ó rì. Ó tún yọ, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń fọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ó ń sọ, kò sí gbólóhùn kan tí ó jáde lódindi. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́ gaara bí omi àfàárọ̀pọn, ìdí sì nìyí tí ìbẹ̀rù inú rẹ̀ fi ń gún ni lọ́kàn.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò gbọ́ yín! Ọmọ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí! Kí ni kí n ṣe? Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́!"

Ohùn obìnrin náà tún fọ́. Ọkùnrin náà kígbe sí ẹnìkan pé kí ó bá òun mú ṣíbí wá kíákíá. Lẹ́yìn èyí ni ìpè náà já.

Dókítà na ìka, ó pa ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn náà jáde. "Ẹ̀rí nìyẹn, Màdáámù. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé ìpè ló gba ohùn yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ gbọ́ ohùn bàbá ọmọ bó ṣe mọ́. Ẹ wá gbọ́ ti nọ́ọ̀sì mi! Ọwọ́ ló fi bo ẹnu ẹ̀rọ, tàbí kó ti ṣe nǹkan sí i. Bàbá yẹn ti ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, eyín ọmọ kán, ètè rẹ̀ ya. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò tó ní mọ́tò ló jẹ́ kí wọ́n tètè dé ilé ìwòsàn."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ó ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀. Agbọ́tán ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá ń pè é, wọn kò sì fún un lórúkọ náà lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, kì í já lu ọ̀rọ̀ ọ̀hún títí onítọ̀hún yóò fi sọ ọ́ tán, ìbáà jẹ́ irọ́ pọ́ńbélé; ó gbà pé bí a bá fún irọ́ ní àyè kí ó rìn pẹ́, ẹsẹ̀ yóò dùn ún, yóò jókòó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì dúró sí, ọkùnrin abikùn-ńlá kan tí kò fẹ́ràn ìwádìí tí ó bá ti lè dí àkókò oúnjẹ lọ́wọ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ibi tí wọ́n wà, ilé Dókítà fúnra rẹ̀. Ó sọ ìsàlẹ̀ di ọ́fíìsì tí àwọn ènìyàn ń pè sí bí àìsàn bá ká wọn mọ́ lójijì tí ilé ìwòsàn sì jìnnà. Àwọn nọ́ọ̀sì a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọn a gbé ìgbọ́rọ̀ kọ́rí, wọn a sì máa tọ́ àwọn tí ń pè sọ́nà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìpè náà ń gbà.

"Òwúrọ̀ nìkan ló ń ṣẹlẹ̀," Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "nígbà tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ọ̀sán bá ti gbà á, ohùn á mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí òun kì í wá, tí ẹlòmíràn ń dúró fún un, ohùn á mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sì pẹ́ tó débí tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màdáámù, kí ló tún kù? Mo fẹ́ kí ẹ mú un lọ lónìí. Ọ̀la ni màá fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kí wọ́n gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé."

Sájẹ́ǹtì mi orí bí ẹni tí ó ti rí ọ̀nà ilé. "Ẹni a bá lábà ni baba, Màdáámù."

"Òótọ́ ni, Sájẹ́ǹtì," Agbọ́tán dáhùn, "ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ rí nọ́ọ̀sì náà."

*

Wọ́n bá a nídìí iṣẹ́, ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn bí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀dọ́bìnrin ni, aṣọ funfun rẹ̀ mọ́, ó sì fi irin sí i dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ bí ti ẹni tí ó ti sunkún tán nílé kí ó tó jáde. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí Agbọ́tán. Agbọ́tán ní kí ó padà jókòó.

"Ṣé ìwọ lò ń ba ohùn jẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ìjà kan wà láàárín ìwọ àti Dókítà?"

"Kò sí ìjà, mà. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé, 'ọmọ mi' ni wọ́n máa ń pè mí. Ní báyìí, 'Nọ́ọ̀sì' ni mò ń jẹ́."

Dókítà wo fèrèsé.

"Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn ń gbọ̀n," Agbọ́tán béèrè, "ṣé ìwọ ń gbọ́ bàbá rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́, mà. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pè fún ṣíbí. Mò ń pariwo pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Wọn ò gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀." Ó fọwọ́ kan ìgbọ́rọ̀ ọrùn rẹ̀. "Èmi ṣì ń gbọ́ wọn títí di òní."

Agbọ́tán sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ìwọ tí o wà nídìí ẹ̀ lójoojúmọ́, kí lo ti kíyè sí?"

Nọ́ọ̀sì lọ́ra. "Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́, mà. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ló máa ń burú jù. Tí ojú ọjọ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́, ó máa ń sàn díẹ̀."

Ẹ̀rín pa Sájẹ́ǹtì, ikùn rẹ̀ ń mì. "Ọ̀ràn ti dójú ẹ̀! Màdáámù, ẹ jẹ́ ká jáde lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí atẹ́gùn lọ́wọ́."

"Ìtàn tó ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn," ni Dókítà wí.

Ṣùgbọ́n Agbọ́tán kò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ parọ́ a máa wá irọ́ tí ó jọ òótọ́. Òótọ́ nìkan ni kì í bìkítà bí òun bá tilẹ̀ jọ ìsọkúsọ.

"Sájẹ́ǹtì, jókòó sórí àga nọ́ọ̀sì."

"Èmi kẹ̀?"

"Gbé ìgbọ́rọ̀ yẹn kọ́rí. Mò ń lọ síta, màá pe nọ́ńbà ilé yìí. Ohun tó bá wá sí ẹ lẹ́nu ni kí o máa sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì, dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Dókítà á ti máa rí ọwọ́ rẹ méjèèjì."

Agbọ́tán rìn dé abẹ́ igi kan ní ìkángun òpópónà, ó pè. Sájẹ́ǹtì gbé e. Afẹ́fẹ́ ń já ewé igi náà, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Sájẹ́ǹtì náà ń já: àfọ́kù rẹ̀ kan, èérún rẹ̀ kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ń fún un lọ́rùn tí ó tún ń tú u sílẹ̀. Agbọ́tán kí obìnrin kan tí ń kọjá lọ, ó sì padà wọlé.

"Kí lò ń sọ, Sájẹ́ǹtì?"

"Mo ní ebi ń pa mí, Màdáámù. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni mo gbà sọ ọ́."

"Ìkankan ò dé ọ̀dọ̀ mi."

"Èmi sì ń gbọ́ yín bí ẹni pé ẹ jókòó tì mí! Ẹ tiẹ̀ kí ẹnìkan pé ó kú ọ̀nà."

Wọ́n gbé Sájẹ́ǹtì lọ sórí àga nọ́ọ̀sì ọ̀sán, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mìíràn àti ìgbọ́rọ̀ mìíràn. Bákan náà ni ó rí. Agbọ́tán wá yíjú sí Dókítà.

"Ṣé Sájẹ́ǹtì náà fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ ni?"

Dókítà fa ojú ro. "Ọwọ́ nọ́ọ̀sì yìí ti lè dé ibòmíràn kí ẹ tó dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí òun ò bá sí níbí, kì í ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà lágbára, Agbọ́tán sì mọ̀ pé ó lágbára. Ó ṣe tán láti jẹ́ kí ó lágbára títí yóò fi rí ohun tí ó jù ú lọ. Ó ní: "Ohun tó ń wọlé mọ́, ohun tó ń jáde ló ń fọ́. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni olè wà, ẹni yòówù kó jẹ́. Ta ló tún mọ ẹnu ọ̀nà yẹn?"

Ni Dókítà bá rántí ẹnìkan.

*

Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Òun ni ó so íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà, òun náà ni Dókítà sì lé dànù nígbà tí kò rí ọ̀ràn ohùn yanjú. Ní ọjọ́ tí wọ́n lé e, ó dúró sẹ́nu géètì, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ ṣì máa pè mí!" Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé náà gan-an. Wọ́n bá a níbi tí ó ti ń jó òjé mọ́ ara rédíò kan, èéfín bò ó lójú.

Sájẹ́ǹtì fi ìka lu tábìlì. "Ìwọ lo halẹ̀ mọ́ Dókítà pé ó ṣì máa pè ẹ́?"

"Èmi ni, sà."

"O gbà á?"

"Kí ni mi ò ní gbà níbẹ̀? Ṣé wọn ò tíì pè mí ni? Ẹ̀yin kọ́ lẹ dúró síwájú mi yìí?"

Agbọ́tán fa àpótí kan, ó jókòó lé e. "Kí ló dé tí o kò fi rí i yanjú?"

"Torí mi ò rí àìsàn tí màá wò, mà. Dókítà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan wọn lẹ́yìn wọn. Àárọ̀, wọ́n wà nílé ìwòsàn. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń ní kí n wá. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, gbogbo ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ bí aago tuntun. Ẹni tí ibà ń dà láàárọ̀, tó jẹ́ ìgbà tí ara rẹ̀ tutù tán ló tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ni dókítà á rí?"

"Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ?" Wáyà gbé irin òjé rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo rò pé okùn tó gba orí òpó wọlé ló ń mì. Mo gun òpó, mo dè é títí kò fi lè mì mọ́. Ẹ lọ wò ó, ó le bí okùn ìsáṣọ. Kò yí nǹkan kan padà."

"Atẹ́gùn ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn," Sájẹ́ǹtì sọ, bí ẹni tí ìbànújẹ́ fẹ́ pa.

Agbọ́tán ní kí Wáyà ṣàlàyé fún òun bí ohùn ṣe ń rìn, kí ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wáyà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ohùn yín kì í jáde lódindi, mà. Ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, á dì í bí ẹrù kéékèèké, á máa rán wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ kejì á tò wọ́n padà kíákíá. Tí ẹrù kan bá pẹ́ lọ́nà, wọn ò ní dúró dè é, torí ọ̀rọ̀ kì í dúró. Wọ́n á jù ú nù, ibẹ̀ lohùn á sì ti fọ́. Ọ̀nà tó wọ ilé Dókítà fẹ̀ dáadáa. Èyí tó jáde ló tín-ín-rín, bí ẹnu ọ̀nà téèyàn ń fẹ̀gbẹ́ gbà. Ó tó fún ohùn. Ohùn ò wúwo. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ń gbé bẹ́ẹ̀dì gba ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn tó gbé abọ́ lọ́wọ́ á dúró sẹ́yìn ni."

"Ta ló ń gbé bẹ́ẹ̀dì nílé yẹn?"

"Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, mà, ṣé wọ́n á lé mi?"

"Dìde," ni Agbọ́tán wí. "Àárọ̀ ṣì ni. Wá wo aláìsàn rẹ nígbà tí ibà ṣì wà lára rẹ̀."

*

Dókítà fa ojú ro nígbà tí ó rí Wáyà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó wọlé. Agbọ́tán pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì, kí Dókítà pa fóònù ọwọ́ rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì náà pa tirẹ̀. Wọ́n wá lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ ráútà tí a kàn mọ́ ògiri, ìyẹn àpótí kékeré tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé náà ń gbà kọjá. Iná tín-ín-tìn-tín kan wà níwájú rẹ̀ tí ó máa ń ṣẹ́jú bí ohunkóhun bá ń kọjá.

Iná náà ń ṣẹ́jú wìrìwìrì.

"Gbogbo wa ti sùn," Agbọ́tán sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ló wá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Wáyà pariwo. "Nǹkan ńlá ń jáde. Kì í ṣe ohùn lèyí!"

Sájẹ́ǹtì wo nọ́ọ̀sì náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ó ṣófo, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dá lójú mọ́.

Agbọ́tán kò kúrò lábẹ́ iná náà. Atẹ́gùn fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó gbé ìpẹ̀kun aṣọ nọ́ọ̀sì náà. Iná náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú bí ẹni tí yànrìn kó sí lójú. Atẹ́gùn rọlẹ̀, iná náà dẹwọ́ díẹ̀. Atẹ́gùn tún dé. Iná tún gbóná. Ó wò ó títí ó fi dá a lójú pé kì í ṣe ojú òun ni ó ń tan òun.

"Wáyà, ẹrù wo ló wà láyé yìí tó máa ń wúwo sí i bí atẹ́gùn bá fẹ́?"

"Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mà? Kò sí bẹ́ẹ̀."

"Má tíì sọ pé kò sí. Ẹrù wo ló máa ń wúwo bí nǹkan bá ń mì?"

Wáyà la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. "Àwòrán! Àwòrán fídíò ni, mà. Tí ohun tó ń yà bá dúró sójú kan, ẹ̀rọ ò ní láti rán púpọ̀. Á kàn ní 'bó ṣe wà lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣì wà.' Ṣùgbọ́n tí ohun náà bá ń mì, á máa rán gbogbo ẹ̀ lọ ní tuntun."

"Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ẹ̀rọ ayàwòrán kan tó kọjú sí nǹkan tí atẹ́gùn lè gbé."

"Mi ò ní ẹ̀rọ ayàwòrán kankan nínú ilé yìí!" ni Dókítà wí.

Agbọ́tán ti jáde sí àgbàlá. Nígbà tí wọ́n bá a níbẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè. Ní fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kọ́tìnì funfun gígùn kan ń fò jáde, ó ń fò wọlé, bí ẹni tí ó ń ju ọwọ́ sí wọn.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?"

"Ìyá mi ni," Dókítà dáhùn. "Ṣùgbọ́n Màmá ò mọ kọ̀ǹpútà! Táàbù kékeré kan ni wọ́n ní, òun ni wọ́n fi ń dáhùn nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bá kí wọn láàárọ̀. Ìkíni lásán! Kò ju kí wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn lọ."

*

Màmá Òkè ni gbogbo ilé ń pe ìyá Dókítà, nítorí pé orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ara ìrọ̀rí. Lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táàbù náà fara ti ìgò omi, ó kẹ̀yìn sí ìyá, ó sì kọjú sí fèrèsé àti kọ́tìnì tí ń jó.

"Ẹ kú ìsinmi, mà," Agbọ́tán kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Hàà, ọlọ́pàá! Ta ló jà?"

"Kò sẹ́ni tó jà, mà. Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lórí èyí?"

"Ìyàwó mi ni, ìyàwó ọmọ mi kékeré. Ọmọ gidi! Àárọ̀ kì í mọ́ kó má kí mi. A ti parí ọ̀rọ̀ wa tipẹ́."

"Ta ló wá pa á, mà?"

"Pa kí ni?"

"Ìpè náà, mà."

Màmá Òkè wò ó bí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè ọmọdé. "Òun ló pè mí. Ẹni tó bá wá kí ni nílé, ṣé onílé ló máa tì í síta? Tó bá fẹ́ lọ, á lọ. Èmi máa ń kọ ojú ẹ̀ sí fèrèsé ni, kó má baà máa wò mí tí mo bá fẹ́ wẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa ń lọ?"

"Tó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán, ojú ẹ̀ á ṣú. Mo mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn. Màá wá fi sí iná kí ó lè sinmi."

Wáyà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Iná inú ẹ̀ ló ń tán," ó sọ lábẹ́ ọwọ́. "Lójoojúmọ́! Ìgbà tí iná ẹ̀ bá tán ni wọ́n tó máa ń pè mí."

Agbọ́tán yí táàbù náà padà. Ilé ìdáná kan ló wà nínú rẹ̀, ní ìlú tí ó jìnnà réré: omi ń dà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀yìn obìnrin kan ń mì bí ó ti ń fọ abọ́.

"Ìyàwó!" Màmá Òkè pè.

Obìnrin náà fò sókè, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgunpá. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ síwájú fóònù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìdajì orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. "Màmá! Ẹ kú ìgbà tó ṣe, mà! Ṣé kò sí?"

"Kò sí, ọmọ mi," Agbọ́tán gbà á sọ. "Kí ló dé tí o kò pa fóònù láti àárọ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Màmá ni wọn ò tíì pa á, mà. Báwo ni màá ṣe pa fóònù mọ́ ìyá ọkọ mi lójú? Mo máa ń gbé e sórí pẹpẹ, màá máa bá iṣẹ́ mi lọ títí wọ́n á fi pa á fúnra wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí ariwo ilé wa máa dún sí wọn létí ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Àyàfi ọjọ́ Ìsinmi, mà. A máa ń tètè lọ jọ́sìn, alẹ́ ni mo máa ń tó pè. Láti ìgbà tí a ti kó débí ni."

Dókítà jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn láìmọ̀ pé òun jókòó. Àìpẹ́ tí àbúrò rẹ̀ kó lọ ni ó gba nọ́ọ̀sì náà síṣẹ́. Òun ni ó so àárọ̀ mọ́ ọn, tí ó so ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ọn, tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀daràn kan ṣoṣo.

Sájẹ́ǹtì ṣí fìlà rẹ̀. "Olè kọ́ là ń lé láti àárọ̀, Màdáámù. Ọmọlúàbí méjì ni!"

"Màmá, ẹ tẹ ibi pupa yẹn, kí ìpè náà lè kú," ni Agbọ́tán wí.

"Kí n pa á mọ́ ọn lójú? Kó wá sọ fún ọmọ mi pé mo bínú?"

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ pa á."

"Ìwọ pa á, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ni àgbà, mà."

"Mo ní kí o pa á!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mà…"

Agbọ́tán na ìka, ó tẹ ibi pupa náà, ó sì gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ara wọn. Láti ìsàlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti ní kí ó padà sórí àga rẹ̀ kí ó sì tan kọ̀ǹpútà, ti pe fóònù Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì gbé e sétí, ohùn ọ̀dọ́bìnrin náà jáde tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi gbọ́ ọ: "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi báyìí, sà?" Sájẹ́ǹtì mi orí lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó rántí pé orí mímì kì í gba orí fóònù kọjá.

*

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Òkè nígbẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ dúró sí i lọ́wọ́.

"Ọmọ ọlọ́mọ," ó sọ, "wọ́n fẹ́ tì í mọ́lé nítorí ìkíni tèmi? Ẹ pè é wá."

Nọ́ọ̀sì gòkè wá, ó kúnlẹ̀. Màmá Òkè fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì dípò ìdìde. "Má bínú, ìyá mi. Mi ò mọ̀ ni."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, mà."

Dókítà mú táàbù náà lórí tábìlì kánmọ́kánmọ́. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Èmi á máa tọ́jú èyí lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn, sà," ni nọ́ọ̀sì wí.

Wáyà náà dá sí i. "Kò tíì dé ibẹ̀ yẹn, sà. Mo lè fi àṣẹ sínú ráútà pé kí ohùn máa kọ́kọ́ kọjá, kí àwòrán dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Màmá lè máa kí ìyàwó wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí i nìkan lẹ ò fún mi láti ọjọ́ yìí."

Dókítà gbé táàbù padà sórí tábìlì. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wo ọ̀dọ́bìnrin náà. "Ọmọ mi," ó ní, "padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Mi ò ní ẹjọ́ kankan mọ́."

"Ẹ ṣé, sà." Kò dìde. "Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ yẹn ò mọ̀. Ó wá sí àdúgbò mi, ó sì sọ fún gbogbo wọn pé mo fi ọmọ òun ṣeré. Mi ò lè gbé ìgbọ́rọ̀ kọ́rí bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì wà nílẹ̀."

"Á gbàgbé tó bá yá."

"Kò ní gbàgbé, sà. Ọmọ ẹ̀ ni."

Kò ṣòro láti rí ohun tí Dókítà ń rò: bí ó bá sọ pé láti ilé òun ni, ta ni yóò tún fọkàn tán nọ́ńbà náà? Agbọ́tán rí i pé ó ń wo òun, bóyá kí òun bá a dá sí i. Kò dá sí i. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ti parí níbẹ̀. Èyí tí ó kù jẹ́ ti baálé ilé.

"Pè é," Màmá Òkè sọ fún ọmọ rẹ̀, "àbí kí èmi pè é?"

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ gbé ìgbọ́rọ̀ kọ́rí, ó sì pè. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó sọ pé láti inú ilé òun ni ohun tí ó ba ohùn jẹ́ ti wá, pé nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀, pé ó sọ ohun tí ó tọ́, pé òun ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wá wò ó lásìkò tí ó yẹ. Ó ní kí wọ́n forí ji òun. Nígbà tí ó sọ tán, kò sí ìdáhùn. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Wáyà fi bojú wo ráútà pé bóyá ohun mìíràn ti tún ṣẹlẹ̀.

Dókítà bọ́ ìgbọ́rọ̀ náà, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. "Ìwọ ni bàbá ọmọ ń béèrè."

Ó gbà á, ó jókòó.

"Ẹ káàárọ̀, sà… Rárá, mi ò bínú. Ká ní èmi ni, màá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ… Ọmọ ńkọ́? Ètè rẹ̀ ti jinná?" Ó tẹ́tí, ojú rẹ̀ tí ó gbẹ láti àárọ̀ sì rin. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó lè tún dé, bí ara rẹ̀ bá tún gbóná gan-an. Ohun tí ẹ máa ṣe, màá sọ ọ́ fún yín. Ẹ máa tún un sọ tẹ̀lé mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, ní pẹ̀lẹ́, lẹ́sẹẹsẹ: kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n yí i fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí wọ́n má ṣe dì í mú, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Agbọ́tán ti dé ẹnu ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá láti ṣílẹ̀kùn. Láti inú ìgbọ́rọ̀ náà, ohùn ọkùnrin kan ń jáde tín-ín-rín, ó ń tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé.

"…mi ò ní dì í mú. Mo gbọ́. Màá ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Mo gbọ́ yín, nọ́ọ̀sì. Mi ò ní fi nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu."